Bọ́tìnnì tó mọ iṣẹ́ tí a rán an: Àyẹ̀wò htmx

Nínú gbogbo ohun èlò tí mo ti fi kọ́ ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, htmx nìkan ló jẹ́ kí n lè padà sídìí iṣẹ́ tí mo ti pa tì fún oṣù mẹ́fà, kí n wo bọ́tìnnì kan, kí n sì mọ ohun tí yóò ṣe bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, láì wá ìdáhùn lọ sínú fáìlì mìíràn. Ìdí rẹ̀ ni pé ara bọ́tìnnì náà gan-an ni a kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí mo ti ń lò ó fún ìwé àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn, mo sì fẹ́ sọ ibi tó ti ṣe mí lóore, ibi tó ti fún mi ní wàhálà, àti irú iṣẹ́ tí n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi ṣe.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí, n ó bẹ̀rẹ̀ láti orí HTML. Èdè ìṣàmì ni HTML: a máa ń fi àmì yí ọ̀rọ̀ ká kí aṣàwákiri lè mọ èyí tó jẹ́ àkọlé, èyí tó jẹ́ ìpínrọ̀, èyí tó jẹ́ àwòrán àti èyí tó jẹ́ bọ́tìnnì. Nǹkan méjì péré ni HTML fún ní agbára láti ké sí sáfà, kọ̀ǹpútà tí ojú-ìwé ti ń wá, nígbà tí òǹlò bá fọwọ́ kàn wọ́n, èyíinì ni líǹkì àti fọ́ọ̀mù. Ọ̀nà méjì péré ni wọ́n sì lè gbà ké sí i, GET, tó ń béèrè nǹkan, àti POST, tó ń fi nǹkan ránṣẹ́. Nígbà tí ìdáhùn bá sì dé, gbogbo ojú-ìwé tó wà níwájú òǹlò ni yóò lọ tí òmíràn yóò sì rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀, bíi kí orúkọ máa jáde bí òǹlò ṣe ń tẹ lẹ́tà sínú àpótí ìwádìí, tàbí kí ìlà kan ṣoṣo nínú tábìlì yí padà nígbà tí ìyókù dúró síbi tó wà, JavaScript, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún aṣàwákiri, ni yóò kọ. Bí JavaScript náà bá sì ti ń pọ̀, a ó kó o sínú fáìlì tirẹ̀, a ó fún bọ́tìnnì lórúkọ, fáìlì náà yóò sì máa fi orúkọ yẹn wá bọ́tìnnì kiri. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá yí orúkọ náà padà láìmọ̀, bọ́tìnnì yóò yadi.

Òfin wọ̀nyẹn ni htmx mú kúrò. Ohunkóhun tó bá wà lójú-ìwé lè ké sí sáfà, ohunkóhun tí òǹlò bá ṣe sí i lè jẹ́ ìdí tí yóò fi ké sí i, a lè lo PUT, PATCH àti DELETE pẹ̀lú, àwọn ọ̀nà tí a fi ń ní kí sáfà tún nǹkan ṣe tàbí kó pa á rẹ́, a sì lè yan ibi tí ìdáhùn yóò bọ́ sí. Kò sí èdè tuntun tí a ó kọ́ kí èyí tó ṣeé ṣe. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi hx- bẹ̀rẹ̀ ni a kàn máa ń kọ sínú àmì HTML tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àpótí tí àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà fi ń wá orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ nìyí, bó ṣe wà nínú fáìlì mi:

`<input type="search" name="oruko" hx-get="/wa-omo-egbe" hx-trigger="input changed delay:500ms" hx-target="#esi" hx-indicator="#duro">`

Ẹ jẹ́ ká kà á tẹ̀ léra. hx-get sọ àdírẹ́sì tí a ó ké sí. hx-trigger sọ ìgbà tí a ó ké sí i: nígbà tí òǹlò bá tẹ nǹkan, tí ohun tó tẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, tí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá sì ti kọjá tí kò tún tẹ òmíràn. hx-target sọ pé inú ibi tí mo pè ní “esi” ni kí ìdáhùn bọ́ sí, hx-indicator sì sọ pé kí ọ̀rọ̀ “Ẹ dúró díẹ̀” máa hàn títí ìdáhùn yóò fi dé. Sáfà kò fi JSON, èyíinì ni dátà lásán tí JavaScript yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di ojú-ìwé, ránṣẹ́; àwọn ìlà tábìlì tí a ti fi HTML kọ tán ló fi ránṣẹ́, htmx sì gbé wọn síbi tí a ní kó gbé wọn sí. Nígbà tí mo fi JavaScript ṣe ohun kan náà tẹ́lẹ̀, ó lé ní ogójì ìlà tí mo kọ, n kò sì tíì ka àwọn ìlà tó ń sọ JSON di tábìlì mọ́ ọn. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá yẹn kì í ṣe ohun kékeré o. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó bá tẹ “Adebayo” lè ké sí sáfà lẹ́ẹ̀méje nítorí orúkọ kan ṣoṣo, dátà orí fóònù rẹ̀ ni yóò sì ru ẹrù náà.

Èrò pé kí èdè ìṣàmì fúnra rẹ̀ máa fún bọ́tìnnì àti àpótí ní ìwà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1999, Microsoft gbé irú rẹ̀ kan jáde pẹ̀lú aṣàwákiri rẹ̀, Internet Explorer 5, níbi tí a ti lè fi CSS, èdè tí a fi ń ṣe ojú-ìwé lọ́ṣọ̀ọ́, so fáìlì tó ru ìwà mọ́ ohunkóhun lójú-ìwé. Ní ọdún 2001, Netscape fi XBL, èdè tí a gbé karí èdè ìṣàmì XML, síwájú W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì; Mozilla, àwọn tó ṣe aṣàwákiri Firefox, sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún láti fi kọ́ àwọn bọ́tìnnì àti àtòjọ inú Firefox fúnra rẹ̀. Méjèèjì ti kógbá wọlé: Microsoft yọ tirẹ̀ kúrò ní Internet Explorer 10, Mozilla náà sì yọ XBL kúrò díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ku nǹkan kan. Ohun tó pa wọ́n, lójú tèmi, ni pé aṣàwákiri ẹni tó ṣe é nìkan ló gbọ́ ọ dáadáa. htmx bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, nítorí JavaScript lásán ló wà nínú rẹ̀, tí gbogbo aṣàwákiri òde òní sì gbọ́. Kò dúró de ìyọ̀ǹda ilé-iṣẹ́ kankan kó tó ṣiṣẹ́.

Carson Gross, ará ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣe intercooler.js ní 2013, èyí tó gbára lé jQuery, àkójọ kọ́ọ̀dù JavaScript kan. Lẹ́yìn náà ló tún un kọ láìsí jQuery, tó sì pè é ní htmx ní 2020. Ẹ̀dà 2.0 jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2024, òun ni mo sì ń lò. Kò ṣiṣẹ́ lórí Internet Explorer mọ́, èyí tí kò dun ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí mo ń ṣiṣẹ́ fún. Ọ̀fẹ́ ni, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti lò ó, láti tún un ṣe, àní láti tà á, láìtọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tó kọ́kọ́ wọ̀ mí lọ́kàn ni bí kò ṣe béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fáìlì kan ni. Nígbà tí a bá fún un pọ̀, kò ju nǹkan bíi kílóbáìtì 16 lọ, kò gbára lé ohun èlò mìíràn kankan, ìlà kan ṣoṣo nínú ojú-ìwé ló sì gbé e wọlé. Ẹni tó ti fi dátà ara rẹ̀ gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì sílẹ̀ kí iṣẹ́ kékeré kan tó lè bẹ̀rẹ̀, tí iná mànàmáná sì lọ láàárín kan, yóò mọ ìdí tí mo fi ń yìn ín. Mo gbé fáìlì náà sínú fóódà iṣẹ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Kì í ṣe iṣẹ́ kéékèèké bíi tèmi nìkan ló bá mu. Contexte, ilé-iṣẹ́ ìròyìn kan ní ilẹ̀ Faransé, fi í rọ́pò React, ohun èlò JavaScript kan tí a fi ń kọ́ ojú-ìwé, ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ wọn sì ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí ní àpérò DjangoCon ti ilẹ̀ Yúróòpù ní 2022: kọ́ọ̀dù wọn lọ sílẹ̀ láti nǹkan bí ìlà 21,500 sí 7,200, àwọn ohun èlò JavaScript tí wọ́n gbára lé sì lọ sílẹ̀ láti 255 sí 9. N kò sọ pé gbogbo ènìyàn ni yóò rí irú èyí. Kíka ìwé àti wíwá ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe lórí ìkànnì wọn, irú iṣẹ́ tí htmx sì mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ nìyẹn.

Wàyí o, mo fẹ́ sọ èyí tó ká mi lára jù. Fọ́ọ̀mù tí akápò ẹgbẹ́ fi ń kọ owó tí ọmọ ẹgbẹ́ bá dá ní bọ́tìnnì kan, “Kọ owó sílẹ̀”, tí mo kọ hx-post sí lára. Ní ọjọ́ ìpàdé kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ́ bí ìgbín. Màmá akápò tẹ bọ́tìnnì náà, wọn kò rí ohunkóhun, wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n sì tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó di alẹ́, ìwé fi hàn pé ọmọ ẹgbẹ́ kan dá ₦5,000 lẹ́ẹ̀méjì. Wọ́n pè mí lórí fóònù.

“Ọmọ mi, owó tó wà lọ́wọ́ mi kò tó èyí tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ.”

“Ẹ má bínú, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe tẹ̀ ẹ́?”

“Mo tẹ̀ ẹ́, kò dá mi lóhùn, mo tún tẹ̀ ẹ́.”

Mo lọ ka ìwé ìtọ́sọ́nà htmx, mo sì rí i pé bó ṣe yẹ kó ṣe gan-an ló ṣe. Bí òǹlò bá tún tẹ bọ́tìnnì nígbà tí ìbéèrè àkọ́kọ́ ṣì wà lójú ọ̀nà, htmx kì í da títẹ̀ náà nù. Èyí tó kẹ́yìn ni yóò mú dúró, tí yóò sì rán lọ nígbà tí àkọ́kọ́ bá ti padà dé. Ìdí nìyẹn tí títẹ̀ mẹ́ta fi di àkọsílẹ̀ méjì. Fún àpótí ìwádìí, ohun tó tọ́ nìyẹn, nítorí ohun tí òǹlò tẹ̀ gbẹ̀yìn ló fẹ́ wá. Fún owó, ewu ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi kún ara bọ́tìnnì náà, hx-disabled-elt="this", tó ń sọ fún un pé kí ó má ṣe gba títẹ̀ mìíràn títí ìdáhùn yóò fi dé. Mo tún lọ sí ìhà sáfà, mo fún fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí sáfà lè dá èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti wọlé tẹ́lẹ̀ padà. Èmi ni mo jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí, nítorí orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó yá nìkan ni mo ti dán iṣẹ́ mi wò. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi htmx gba owó tàbí kọ owó sílẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó ṣe nǹkan méjèèjì yìí kó tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Àwọn ìwà mìíràn wà tí mo kà sí àléébù. Bí sáfà bá fi nọ́ńbà àṣìṣe dáhùn, bíi 404, 422 tàbí 500, htmx kì í gbé ìdáhùn náà sójú-ìwé àfi bí a bá pa á láṣẹ fún un. Ẹni tó ti mọ́ lára láti fi 422 dá fọ́ọ̀mù tí a kò kún dáadáa padà, pẹ̀lú àlàyé ohun tó kù, yóò rí i pé òǹlò ń tẹ bọ́tìnnì ṣáá, àlàyé náà kò sì hàn. Ní ẹ̀dà 2.0, a lè fi responseHandling, ètò kan nínú htmx, tún èyí ṣe, ó sì yẹ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí olùbẹ̀rẹ̀ yóò ṣe. Ìkejì ni ọ̀rọ̀ ogún. Bí mo bá kọ hx-confirm="Ṣé ó dá yín lójú?" sára tábìlì, gbogbo bọ́tìnnì tó ń pa ìlà rẹ́ nínú tábìlì náà yóò jogún rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo sì kọ ọ́. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ó ń gba ohun tí mo torí rẹ̀ fẹ́ràn htmx lọ́wọ́ mi, nítorí ìwà bọ́tìnnì kò sí lára bọ́tìnnì mọ́. Òkè lọ́hùn-ún ló wà, ẹni tó ń ka ìsàlẹ̀ kò sì ní mọ̀. Mo ti pinnu pé àyàfi hx-confirm, n kì í jẹ́ kí ohunkóhun ti òkè wá. hx-target pàápàá, ara bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ni mo ń kọ ọ́ sí, bí mo tilẹ̀ ní láti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ibi tí n kò ti ní gbà á fún ẹnikẹ́ni ni iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ máa lọ nígbà tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Gbogbo ìṣe tí a bá kọ hx-get tàbí hx-post sí ní láti dé ọ̀dọ̀ sáfà kó tó padà wá. Bí sáfà bá wà ní òkè òkun tí òǹlò sì wà ní abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dúró ṣinṣin, òǹlò yóò mọ̀ ọ́n lára. Ohun tí a ń fà kiri bí àwòrán ilẹ̀, ìwé ìṣirò tí nọ́ńbà inú rẹ̀ ń yí padà bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ohun èlò ìyàwòrán, gbogbo ìwọ̀nyí kọjá agbára rẹ̀, àwọn tó ṣe é fúnra wọn kò sì fi èyí pa mọ́. Bákan náà ni kò yẹ kí ènìyàn máa ké sí sáfà nítorí pé ó fẹ́ ṣí àtòjọ kan tàbí pa á dé. Fún irú ìyẹn, Alpine.js ni mo ń lò, tí Caleb Porzio ṣe. Òun náà ń kọ ìwà sára HTML pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ bíi x-data àti x-show, ṣùgbọ́n inú aṣàwákiri ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí. Àwọn méjèèjì ń gbé lójú-ìwé kan náà láìjà.

Nǹkan kan wà tí mo rí lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó sì ń dùn mí. Nítorí pé htmx jẹ́ kí ohunkóhun lè ké sí sáfà, wọ́n á kọ hx-get sára div, àmì HTML tí kò ní ìwà kankan, wọ́n á fi CSS kùn ún bí bọ́tìnnì. Ẹni tó ń fi kíbọ́ọ̀dù nìkan rìn lójú-ìwé kò ní lè dé ibẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ka ojú-ìwé sí etí afọ́jú kò sì ní pè é ní bọ́tìnnì. Bó bá jẹ́ bọ́tìnnì, ẹ kọ ọ́ ní button. Bákan náà ni ààbò: níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ HTML ni sáfà ń fi ránṣẹ́ tí htmx sì ń gbé e sójú-ìwé bẹ́ẹ̀, orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ tí òǹlò bá kọ wọlé gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ìlànà tó ń sọ àmì HTML inú rẹ̀ di lẹ́tà lásán kó tó jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni ibi lè fi orúkọ ara rẹ̀ ti kọ́ọ̀dù wọlé. Django àti Laravel, àwọn ohun èlò tí a fi ń kọ́ ìhà sáfà, ń ṣe èyí fúnra wọn. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ so HTML pọ̀ ni kó ṣọ́ra.

Ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ dára. Ojú-ìwé kan ṣoṣo ló to gbogbo àwọn ọ̀rọ̀ hx- sí, àwọn àpẹẹrẹ tó wà lórí ìkànnì náà sì jẹ́ irú nǹkan tí ènìyàn ń wá lóòótọ́: àpótí ìwádìí, ìlà tábìlì tí a lè tún kọ níbi tó wà, àtòjọ tó ń gùn sí i bí a ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, n kò ka ju ojú-ìwé méjì yìí lọ.

Fún ilé ìtajà, ilé-ìwé, ẹgbẹ́, ọ́fíìsì, àti ibikíbi tí iṣẹ́ bá jẹ́ fọ́ọ̀mù, tábìlì àti ìwádìí, htmx ni n ó kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ní oṣù tó kọjá, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, tí kò kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rí, kíyè sí i pé àwọn àgbà tó ń tẹ lẹ́tà níkọ̀ọ̀kan ń rí orúkọ tí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wá kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ tán. Mo fi àpótí ìwádìí náà hàn án nínú fáìlì. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó fi ìka lé 500ms, ó ní, “Ṣé èyí ni ìgbà tó ń dúró?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yí i padà sí 900ms fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà títí di òní.